Èérún Rẹ̀ Ńkọ́?

Igi kì í dá lóko kó pa ará ilé. Kò sí ibi tí wọ́n ti ń sọ èdè Yorùbá tí wọn kò mọ òwe yìí. Wọ́n fi ń ki ẹni tí ẹ̀rù ń bà láyà ni, pé ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́hùn-ún, ọ̀hún ni yóò parí sí. Ṣùgbọ́n bí o bá dé Òkè-Ìdó, tí o pa òwe náà lójú àgbàlagbà ibẹ̀, má retí pé kó mi orí sí i. Yóò kàn wò ọ́ ni, yóò sì bi ọ́ pé, "Èérún rẹ̀ ńkọ́?" Kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àlejò tí kò bá mọ ìdí rẹ̀ á rò pé baba náà ti ń ṣarán. Èérún igi, wẹ́wẹ́ tí àáké ń gé fò dànù bó ti ń jẹ ìdí igi, kí ló kàn án nínú ọ̀rọ̀ ikú? Ó kàn án púpọ̀. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́, nítorí kì í ṣe ìtàn ẹ̀rín.

Láyé ijọ́un, ọkùnrin kan wà ní Òkè-Ìdó tí ń jẹ́ Ògúnmọ́dẹdé. Iṣẹ́ igi gígé ni iṣẹ́ ìdílé wọn, òun ló sì mọ̀ ọ́n jù láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí ó bá sọ pé ibi báyìí ni igi yóò ṣubú sí, ibẹ̀ náà ni yóò ṣubú sí. Ó mọ̀ pé òun mọ iṣẹ́, kì í sì í fi pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n ti ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé bí ọdún Ògún bá dé, òun ni wọn yóò fi jẹ Olórí Agégi. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, obìnrin ni, Ògúnbùnmi. Ọmọ náà ti wà nílé ọkọ lọ́nà jíjìn, oyún sì ti bà jẹ́ lára rẹ̀ rí. Nígbà tó tún lóyún, tí èyí dúró, ọkọ rẹ̀ ní kó lọ bí i lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Láti ìgbà tí Ògúnmọ́dẹdé ti gbọ́ ni kò ti ní ọ̀rọ̀ méjì lẹ́nu. Ohun tó ń fẹ́ nílé ayé kò ju kí ó gbóhùn ìyá, kí ó gbóhùn ọmọ.

Àwọn agégi Òkè-Ìdó ní òfin tiwọn. Èkíní ni pé agégi kì í purọ́ orúkọ igi. Ẹni tí kò mọ igi, tó wá rà á, agégi ni ojú rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá fi àáké kọ́ èjìká, tí a sì bi í pé igi wo nìyí, Ògún ń gbọ́ ohun tí yóò sọ. Bí ó bá purọ́, wọ́n á gba àáké lọ́wọ́ rẹ̀, kò tún ní gbé òmíràn títí ayé. Èkejì jẹ mọ́ èérún. Ẹni tó ni oko ló ni ìtì igi, agégi ló ni èérún. Àwọn obìnrin ilé rẹ̀ á kó o, wọ́n á fi dáná. Ti ọ̀bọ̀ nìkan ló yàtọ̀. Ọ̀bọ̀ ni igi tí èèpo rẹ̀ ń pa eku, tó ń pa ẹja, tó ń pa ènìyàn. Èérún ọ̀bọ̀ kò gbọdọ̀ rí iná, kò gbọdọ̀ rí omi, kò gbọdọ̀ wọ ilé. Ẹni tó gé e ni yóò fọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ kòtò síbẹ̀, yóò da gbogbo rẹ̀ sí i, yóò sì bò ó kó tó kúrò lóko lọ́jọ́ náà.

Kújọrẹ́, àgbẹ̀ kan tí ilé rẹ̀ kò jìnnà sí ti Ògúnmọ́dẹdé, ní ọ̀bọ̀ ńlá kan láàárín oko rẹ̀. Ewúrẹ́ rẹ̀ méjì ti jẹ ewé rẹ̀, wọ́n sì kú síbẹ̀. Ó wá bẹ Ògúnmọ́dẹdé pé kó bá òun gé e. Ọ̀gbẹlẹ̀ ni, ilẹ̀ ti le bí àpáta. Ògúnmọ́dẹdé ṣe é láti àárọ̀ títí oòrùn fi yẹ àtàrí kí igi náà tó wó, ó sì wó síbi tó ní kó wó sí. Èérún pupa rẹ̀ ga dé orúnkún yí kùkùté ká. Ó mú ọkọ́, ó fi kọ́ ilẹ̀, ọkọ́ ta padà. Ó tún kọ́ ọ, ilẹ̀ kò fún un ju bí ẹ̀kúnwọ́ lọ.

Ibi tó ti ń mí gúlegúle ni ẹnì kan tó ń ti ilé bọ̀ ti kígbe sí i láti ojú ọ̀nà.

"Bàbá Ògúnbùnmi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ yín ti dé. Ìyá rẹ̀ ló ń po omi ìwẹ̀ fún un nígbà tí mo kọjá."

Láti ìgbà yẹn lọ́kàn Ògúnmọ́dẹdé ti kúrò nídìí kòtò. Ó wo ilẹ̀, ó wo èérún, ó wo oòrùn. Bí ó bá gbẹ́ kòtò náà tán, adìyẹ á ti wọ̀ kó tó délé. Ó tún kọ́ ilẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹni tí ń fi ọkọ́ ṣeré ni.

Bí ó ti wà báyìí ni obìnrin kan yọ pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ lórí, àwọn obìnrin bíi mélòó kan sì tẹ̀ lé e. Omítọ́lá ni orúkọ rẹ̀, ẹlẹ́ja ni, abúlé kan tó jìnnà létí odò ni wọ́n ti wá ta ẹja lọ́jà, wọ́n sì ń padà sílé. Ó rí èérún, ó dúró.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Ṣé títà ni èérún yìí?"

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Ẹja la fẹ́ fi yan. Igi wọ́n lọ́dọ̀ wa, ẹrẹ̀ àti koríko ló yí wa ká. Igi wo ni, Bàbá?"

Àáké wà léjìká Ògúnmọ́dẹdé nígbà tó bi í. Ó sọ àáké kalẹ̀, ó fi ti kùkùté, ó nu ọwọ́ méjèèjì mọ́ ṣòkòtò rẹ̀, ó sì rìn sẹ́yìn díẹ̀ kúrò nídìí rẹ̀.

"Ọ̀gànwó ni," ni ó wí.

Omítọ́lá ṣa ẹyọ kan, ó gbé e sí imú. "Ó pọ́n bí ọ̀gànwó lóòótọ́. Ẹ̀yin agégi kì í kúkú purọ́ igi." Ó fún un ní owó ẹyọ tó wà létí aṣọ rẹ̀, àwọn obìnrin náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó o sínú apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ti ta ẹja inú rẹ̀ tán. Wọ́n ń dá àpárá, wọ́n ń dúpẹ́. Nígbà tí wọ́n kó o tán, Omítọ́lá ní, "Ilé yín ńkọ́, Bàbá? Nítorí pé lọ́dọ̀ tiwa, bí a bá ra igi tuntun..."

"Ilé Agégi, kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n." Ó ti gbé àáké rẹ̀, ó ti ń lọ. Kò dúró gbọ́ ìyókù ọ̀rọ̀.

Lójú ọ̀nà, ọkàn rẹ̀ kò kọ́kọ́ balẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara rẹ̀ rojọ́. Àáké kò sí lọ́wọ́ òun, nítorí náà Ògún kò gbọ́. Àwọn tó kó o, ará etí odò ni wọ́n, òun kò mọ baba wọn, wọn kò mọ tòun. Ta ni yóò wá láti etí odò wá bi òun ní ohun kan? "Igi kì í dá lóko kó pa ará ilé," ó sọ ọ́ síta, ó sì tún un sọ. Kó tó dé ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, ó ti gba ara rẹ̀ gbọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ènìyàn ṣe ń ṣe: ẹni tó bá ti dá ẹjọ́ fún ara rẹ̀, òun náà ni yóò jàre.

Ògúnbùnmi wà lórí ẹní lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, oyún rẹ̀ tóbi, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú díẹ̀. Ó fẹ́ kúnlẹ̀ kí i, baba rẹ̀ ní kó má ṣe é.

"Bàámi, ẹ ti rù."

"Ìwọ lo sanra, lo ṣe rí mi bẹ́ẹ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Inú ilé náà dùn lọ́jọ́ yẹn. Ògúnmọ́dẹdé fi owó èérún ra oyin fún un, ó sì jókòó tì í títí ó fi lá a tán.

Ohun tí Omítọ́lá fẹ́ sọ tí kò dúró gbọ́ nìyí. Àwọn ayanja etí odò kì í jẹ ẹja tí wọ́n bá kọ́kọ́ fi igi tuntun yan, wọn kì í sì í tà á. Ẹja àkọ́yan ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó ta igi fún wọn ni wọ́n ń gbé e lọ fún. Bí ó bá jẹ ẹ́, tó ní ó dára, ìgbà náà ni wọ́n tó lè tà, ìgbà náà ni wọ́n tó lè fún ọmọ wọn jẹ. Kò sí ẹni tó mọ ẹni tó dá àṣà náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó dájú pé ẹni náà ti bá àwọn olóko ṣòwò rí.

Ìyá Ògúnbùnmi, Àyọ̀ká, ló wà nílé lọ́jọ́ tí ẹja àkọ́yan dé. Ògúnmọ́dẹdé wà lóko ní tirẹ̀. Oòrùn ṣì mú nígbà tó padà, òórùn ọbẹ̀ ẹja ló sì pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹja wo la rí?" ó béèrè.

"Obìnrin etí odò tó ra èérún lọ́wọ́ yín ni," ni Àyọ̀ká wí. "Ẹ wo ọmọlúàbí. Ó rìn láti ọ̀nà jíjìn wá pẹ̀lú agbọ̀n ẹja, ó ní àṣà wọn ni. Ẹ jókòó, mo ti ń retí yín ká jọ jẹun. Ọmọ yín kò lè dúró ní tirẹ̀. Ó ní ó korò díẹ̀, ṣùgbọ́n ó jẹ ẹ́ tán, ó ní oyún ló ń fẹ́ ẹ."

Ògúnmọ́dẹdé yọjú wo inú yàrá. Ògúnbùnmi fẹ̀yìn ti ògiri, ó fi ọwọ́ gbá ètè rẹ̀ mú.

"Bàámi, ẹnu mi ń kú. Bí ẹni pé kì í ṣe tèmi mọ́."

Ògúnmọ́dẹdé jáde, ó fi ẹsẹ̀ ta ìkòkò ọbẹ̀ dànù. Ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé ẹja náà ti bàjẹ́. Èyí tí kò sọ ni orúkọ igi. Ilé Bàbá Àlàmú, oníṣègùn tó mọ ohun tí wọ́n ń fún ẹni tó bá jẹ èèpo ọ̀bọ̀, kò ju ìdí ọ̀pẹ kejì lọ. Ọ̀rọ̀ kan péré ni yóò sọ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá sọ ọ̀bọ̀ yóò sọ ibi tó ti wá, ẹni tó bá sọ ibi tó ti wá yóò sọ pé òun pè é ní ọ̀gànwó. Wọ́n á gba àáké. Oyè Olórí Agégi á lọ. Ó ní kí òun fún un ní omi mu ná, bóyá kò jẹ púpọ̀. Ó ní kí òun kọ́kọ́ wò ó díẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ rìn bọ̀ láàárín ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọmọ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í bì nínú yàrá.

Nígbà tí Àyọ̀ká kígbe pé kó lọ pe ènìyàn, ó sáré jáde. Ó dé ìdí ọ̀pẹ níbi tí ọ̀nà ti pín. Ọ̀nà kan lọ sílé Bàbá Àlàmú, èkejì lọ sílé Ọ̀ṣunlékè, ìyá agbẹ̀bí. Ó dúró níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gba ọ̀nà ti agbẹ̀bí lọ, ó ní ọmọ òun ń rọbí.

Ọ̀ṣunlékè dé, ó fọwọ́ kan inú aláboyún, ó fọwọ́ kan àyà rẹ̀. Ojú rẹ̀ yí padà. "Èyí kì í ṣe ìrọbí nìkan," ó wí. "Kí ló jẹ?"

"Ẹja," ni Àyọ̀ká dáhùn.

"Ẹja lásán ni," ni Ògúnmọ́dẹdé wí kánkán. "Ó ti bàjẹ́ díẹ̀."

Agbẹ̀bí gbé ojú sókè, ó wò ó. "Bàbá, ṣé kò sí ohun mìíràn tó yẹ kí n mọ̀?"

"Kò sí."

Ọ̀ṣunlékè ṣe gbogbo ohun tí agbẹ̀bí ń ṣe. Ó fi àdín pa á lára, ó pọfọ̀, ó gbé e jókòó, ó tún gbé e dùbúlẹ̀. Ògúnmọ́dẹdé dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń la ẹnu, ó ń pa á dé. Nígbà kan ó tilẹ̀ wọlé, ó ní, "Ẹ gbọ́..." gbogbo wọn yíjú sí i, ó sì ní kí wọ́n fún un ní atẹ́gùn. Ìgbà tí àwọn adìyẹ ń wọ̀ ni Ògúnbùnmi dákẹ́. Ọmọ inú rẹ̀ kò jáde.

Ikú olóyún kò ní ìtùnú. Bí ọmọ bá kú tí ìyá yè, àwọn ènìyàn a máa ní omi ló dànù, agbè kò fọ́. Wọn kò rí ìyẹn sọ nílé Ògúnmọ́dẹdé, nítorí agbè pàápàá ti fọ́. Àwọn tó mọ ètùtù irú òkú bẹ́ẹ̀ ló wá gbé e lọ. Bàbá kì í mọ ibojì ọmọ, nítorí náà inú yàrá ló wà, ó ń gbọ́ bí ọkọ́ ti ń kọ́ ilẹ̀ líle lọ́nà jíjìn. Ó fi ọwọ́ di etí, ó sì ń gbọ́ ọ síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nílùú. Wọ́n ní ọ̀bọ̀ tí Ògúnmọ́dẹdé gé ló bínú, wọ́n ní ẹbọra inú rẹ̀ ló tẹ̀ lé e wálé. Ọ̀rọ̀ yìí dun Kújọrẹ́, nítorí òun ló ni oko, òun ló bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Nígbà tó lọ kí wọn kú ìrọ́jú, ilé kún. Omítọ́lá náà wà níbẹ̀. Ó gbọ́ pé ọmọ ilé náà kú sórí oyún, ó sì wá láti etí odò. Ó jókòó ti Àyọ̀ká, ó ń bá a sunkún. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ̀rọ̀, ojú ń tì í.

"Ìyá, ẹ má bínú. Kì í ṣe ohun tó yẹ kí n béèrè nísinsìnyí. Ẹja tí a fi igi Bàbá yan ti kún ilé, a kò sì lè tà á láìjẹ́ pé ẹ ní ó dára. Ọ̀la lọjà. Ṣé kí n gbé e lọ?"

"Gbé e lọ, ọmọ mi," ni Àyọ̀ká wí. "Ẹja kọ́ ló pa á. Bàbá ní ó bàjẹ́ díẹ̀ ni, ọ̀nà jíjìn ló fà á. Gbé e lọ kó o rí owó ná."

Ògúnmọ́dẹdé gbọ́ wọn láti ibi tó jókòó sí. Ó wo gbogbo àwọn tó kún ilé rẹ̀. Ọjà ọ̀la ni wọn yóò lọ, gbogbo wọn ló ń jẹ ẹja, gbogbo wọn ló ní ọmọ nílé. Ìgbà yẹn gan-an ni Kújọrẹ́ jókòó tì í, tó gbé ọwọ́ lé e lórí orúnkún.

"Mo mọ ohun tí wọ́n ń sọ," ni Kújọrẹ́ wí. "Má dá wọn lóhùn. Ìwọ gé igi lóko mi, ilé ni ọmọ rẹ wà. Igi kì í dá lóko kó pa ará ilé."

Ògúnmọ́dẹdé kò gbé ojú sókè.

"Èérún rẹ̀ ńkọ́?" ó béèrè.

Kújọrẹ́ rò pé ìbànújẹ́ ló ń sọ̀rọ̀. "Èérún kẹ̀?"

"Èérún ọ̀bọ̀ tó yẹ kí n bò mọ́lẹ̀. Mo tà á." Ó nawọ́ sí Omítọ́lá. "Ó bi mí ní orúkọ igi, mo gbé àáké sílẹ̀ kí n tó purọ́ fún un. Ẹ má jẹ́ kí ó ta ẹja yẹn."

Omítọ́lá dìde, ó bọ́ sí ìta, wọ́n sì gbọ́ bó ti ń sáré. Kò sí ẹni tó fọwọ́ kan Ògúnmọ́dẹdé, kò sí ẹni tó bú u. Àyọ̀ká nìkan ló dìde wá síwájú rẹ̀. Láti ìgbà tó ti fẹ́ ẹ, "ẹ̀yin" ló ń pè é.

"O wà níbẹ̀," ó wí. "O dúró lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí ìyá agbẹ̀bí béèrè."

Àyọ̀ká kó ẹrù rẹ̀ lọ sílé àwọn ẹbí rẹ̀, kò sì padà. Àwọn agégi wá gba àáké, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún wọn. Létí odò, wọ́n gbẹ́ kòtò, wọ́n da gbogbo ẹja àti ìyókù èérún sí i. Kò sí ẹlòmíràn tó jẹ nínú rẹ̀. Nínú gbogbo ilé tí èérún náà ìbá ti pa ènìyàn, ilé ẹni tó tà á nìkan ló dé.

Ògúnmọ́dẹdé pẹ́ láyé lẹ́yìn náà, bí àwọn tí kò fẹ́ pẹ́ ti í pẹ́. Àwọn ọmọdé a máa bẹ̀rù rẹ̀, àwọn àgbà a máa kí i kọjá. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tó bi Kújọrẹ́ lọ́jọ́ náà kò kúrò lẹ́nu àwọn ará Òkè-Ìdó. Bí oníṣòwò bá fẹ́ gbé ọjà tí kò dára lọ tà níbi tí wọn kò ti mọ̀ ọ́n, bí ẹnì kan bá ṣe àlejò níbi, tó ní ta ni yóò mọ̀, wọn kì í bá a jiyàn rárá. Wọ́n á jẹ́ kí ó pa òwe rẹ̀ tán. Òótọ́ ni òwe náà, igi kì í dá lóko kó pa ará ilé. Èérún rẹ̀ ńkọ́?